Agolo Àwọ̀ Tí Sàídátù Gbé Relé

Ẹni tó jókòó kọ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí èmi àti ẹ̀ pàdé. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé gbogbo kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ ọnà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó dáa, a ti gbọ́. Ta ni yóò kọ́ wọn? Kò kọ ìyẹn. Ọ̀dà ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Kò kọ ìyẹn náà. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò náà ni kó kọ́ ọ ní ọnà, kó máa ṣe é bó bá ṣe yé e. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù ka ẹni tí kò ní òṣùká.

Làtífátù ni wọ́n gbé ti kíláàsì kan kà. Ọmọ Àdùkẹ́ tó ń ta aró àti àwọ̀ aṣọ ní ọjà Adawlato ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ìyá wọn, ìwé ló ń kà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún méje-méje nílé ìwé kan lẹ́yìn pápá ìṣeré Kégué. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò sì tíì gbà á wọlé tán. Fọ́lọ́ńtíà ni wọ́n ń pe irú wọn, ìyẹn ẹni tí wọ́n lè sọ fún láàárọ̀ pé kó má wá mọ́ lọ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní bi wọ́n léèrè.

Bí ọmọbìnrin yìí ṣe mọ̀wé tó, kò mọ àwòrán yà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ya ewúrẹ́ sójú pátákó. Àwọn ọmọ wò ó títí. Ọ̀kan ní, "Màdámù, tábìlì ni." Òmíràn ní irọ́ ni, ṣé tábìlì máa ń ní ìrù ni? Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Làtífátù náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ẹ̀kọ́ yẹn ti ń bà á.

Ìgbà tó wá di ọjọ́ Ajé kan, Màdámù Julienne, ọ̀gá ilé ìwé, dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ìnsípẹ́tọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán. Kíláàsì tìrẹ ló fẹ́ wọ̀. Iṣẹ́ ọnà ló sì fẹ́ rí."

"Iṣẹ́ ọnà, Màdámù? Kì í ṣe ìwé kíkà?"

"Iṣẹ́ ọnà. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé tán lágbègbè wa lọ́dún yìí. Mo ti fi orúkọ rẹ síbẹ̀. Má dójú tì mí o."

Ojú Làtífátù ò rí oorun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ń ro ewúrẹ́, ó ń ro tábìlì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọgbọ́n kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn, ẹ sì jẹ́ ká sọ òtítọ́, ọgbọ́n tó dáa ni. Àwọn ọmọ ò ní ya nǹkankan rárá. Wọn á ki àtẹ́lẹwọ́ bọ àwọ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun kan tó fẹ̀. Ọwọ́ méjìdínlọ́gọ́ta lójú aṣọ kan! Ta ni yóò rí ìyẹn tí kò ní yìn ín? Ó ní aṣọ ibùsùn àtijọ́ kan nílé. Àwọ̀ ló kù, ìyá rẹ̀ ló sì ń ta àwọ̀.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ó lọ sí Adawlato. Ìyá rẹ̀ ti lọ síbi ìkómọjáde kan ní Avépozo, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ Làtífátù. Ó ṣí i, ó mú láílọ́ọ̀nù kan tí àwọ̀ búlúù wà nínú rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó tún ilẹ̀kùn tì. Nígbà tó tú u nílé, ó rí láílọ́ọ̀nù kékeré kan nínú ńlá, wọ́n ta á ní kókó méjì, nǹkan funfun wà nínú rẹ̀.

Bí Àdùkẹ́ ṣe máa ń di ọjà fún àwọn aláró tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá nìyẹn. Àwọ̀ àti oògùn rẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù kan náà, kí oníbàárà má baà dé ilé kó wá rí i pé ọ̀kan ti ṣẹ́ kù lọ́jà. Kò sí aláró tí kò mọ kókó méjì yẹn. Ṣùgbọ́n Làtífátù kì í ṣe aláró. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó ti jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́jà gbẹ̀yìn, ohun kan ṣoṣo tó sì rántí ni pé ìyá rẹ̀ máa ń da iyọ̀ sí àwọ̀ kan kó lè di aṣọ mú. "Iyọ̀ rẹ̀ nìyí," ó sọ fún ara rẹ̀. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé òun ò gbàgbé iṣẹ́ ìyá òun tán.

Kì í ṣe iyọ̀. Kọ́sítíìkì ni, sódà líle tí àwọn aláró ń wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó sún mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ rárá ì bá tẹ ìyá rẹ̀ láago. Ẹni tó mọ díẹ̀ ni kì í béèrè.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá, Làtífátù da àwọ̀ sínú omi nínú bókẹ́ẹ̀tì, ó da funfun yẹn tẹ̀ lé e, ó fi igi rò ó pọ̀. Ara bókẹ́ẹ̀tì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní oòrùn Kégué yìí mà mú o. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó pe ìlà àkọ́kọ́.

Ìlà méjì péré ló ráyè ṣe é, ọmọ méjìlá, kó tó di àkókò tí àwọn ọmọ ń lọ jẹun ọ̀sán nílé kí wọ́n tó padà wá. Wọ́n ń pariwo ayọ̀. Ọ̀kan ní àwọ̀ náà ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ọ̀kan ní ọwọ́ ń yún òun, Làtífátù sì ní kó yé ṣe bí ọmọ ọwọ́. Ohun tó yọ àwọn ọmọ yẹn ni ẹnu Màdámù Julienne. Ó ti ọ̀ọ̀dẹ̀ kígbe pé ọmọ tó bá fi ọwọ́ búlúù kan ògiri òun, òun á lé e lọ, gbogbo wọn bá sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi, wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ títí ó fi mọ́.

Nínú ọwọ́ méjìlá, ti Sàídátù ló yọ jù. Sàídátù yìí, ọmọ tín-ín-rín kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ìka márààrún yọ, àní ilà inú àtẹ́lẹwọ́ yọ. Làtífátù yìn ín níwájú gbogbo wọn. Ó mú agolo mílíìkì kan, ó bu àwọ̀ láti ìsàlẹ̀ bókẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ki jù.

"Gbé e lọ ilé. Ṣe òmíràn sórí ìwé, kó o mú un bọ̀ ní aago mẹ́ta, kí àlejò wa rí i."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gba agolo, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tó jáde, ńṣe ló ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù Làtífátù dún. Àdùkẹ́ ni.

"Làtí, ìwọ lo wọ ṣọ́ọ̀bù mi lánàá?"

"Èmi ni, Mọ́mì. Ẹ kú ìnáwó o. Mo mú búlúù díẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi."

"Èyí tó wà lábẹ́ tábìlì? Àwọn oníbàárà mi láti Àtákpàmé ló ni ín, wọ́n ti dé. Láílọ́ọ̀nù kékeré inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Iyọ̀ yẹn? Mo ti dà á mọ́ ọn."

Nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Làtífátù gbọ́ ọ gbàù nínú fóònù.

"Iyọ̀ ta ni?" Ohùn ìyá rẹ̀ ti yí padà. "Làtífátù, kọ́sítíìkì nìyẹn! Ta ló fọwọ́ kàn án? Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni, Mọ́mì."

"Gbọ́ mi dáadáa," ìyá rẹ̀ ní. "Omi ni. Omi púpọ̀, kó máa ṣàn, má jẹ́ kó dá. Má fi òróró sí i, má fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkankan sí i. Ṣé o rántí Sùlìámọ́nù aláró tí ojú rẹ̀ kan fọ́? Òróró ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tọ́jú rẹ̀, títí tí omi ò fi wúlò mọ́."

Làtífátù wo bókẹ́ẹ̀tì. Ó wo aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀. Ó ń ka àwọn ọmọ lórí ìka: ọ̀kan, méjì, méjìlá, wọ́n ti fọwọ́, wọ́n ti lo ọṣẹ, mo rí wọn. Nígbà náà ló rántí agolo.

Yéè, orí mi o! Ó ti kíláàsì pa mọ́ bókẹ́ẹ̀tì, ó sáré jáde láì wọ bàtà rẹ̀ dáadáa. Àwa Yorùbá tó wà ní Kégué ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó mọ ilé Ìyá Àyìnkẹ́, ìyá àgbà ọmọ náà, nítòsí mọ́ṣáláṣí kékeré. Ó dá zẹ́mì dúró, ó fò sórí alùpùpù náà kí ọlọ́kadà tó béèrè ibi tó ń lọ. Lójú ọkàn rẹ̀, ó ń rí ọmọ náà tó ń fi ìka tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ó ń rí ọmọ náà tó ń fọwọ́ nu ojú. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé, Ọlọ́run, jẹ́ kó ti dànù lọ́nà. Jẹ́ kó ti kọsẹ̀, kó ti dà á sílẹ̀. Mi ò ní béèrè nǹkankan mọ́ láyé mi.

Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó fi gbọ́ igbe.

Nínú àgbàlá, Ìyá Àyìnkẹ́ jókòó sórí àpótí, ó gbé Sàídátù sórí itan, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ọmọ náà ń jà bí adìẹ tí wọ́n mú lẹ́sẹ̀. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti dì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti di búlúù dé àgbọ̀n. Ọláníkẹ́, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì, dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìgò òróró àgbọn.

"Ẹ káàbọ̀, Màdámù," Ìyá Àyìnkẹ́ ní. Bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó, obìnrin náà ò gbàgbé láti kí i. "Ẹ wá wo ọ̀rẹ́ yín. Ó gbé agolo rù, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi tòun ti ẹrù lórí. Ó dà sí i lójú. Ẹ má jáyà, àwọ̀ ilé ìwé kì í pa ọmọ. Òróró díẹ̀ á tù ú."

"Ẹ má fi òróró sí i, Ìyá! Omi ni, omi ni kẹ́ ẹ dà sí i!"

"Mo bu omi sí i lẹ́ẹ̀kan, igbe ló fi bọ ẹnu. Omi ń ta á. Ọláníkẹ́, mú òróró wá jàre."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi ni!"

"Màdámù, ẹ mọ̀wé, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ méje ni mo fi ọwọ́ yìí wò dàgbà." Ìyá Àyìnkẹ́ na àtẹ́lẹwọ́, Ọláníkẹ́ da òróró sí i. Ìyá náà fi ìka méjì kó o, ó gbójú sókè wo Làtífátù. "Àbí kí ló wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀?"

Ìbéèrè dé. Kò sì ṣòro láti dáhùn, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni.

Làtífátù la ẹnu, ó pa á dé. Ó rí ìnsípẹ́tọ̀ ní aago mẹ́ta. Ó rí orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fa igi lé. Ó rí ọlọ́pàá níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, tí gbogbo Adawlato dúró ń wòran. Bóyá òróró náà ò ní ṣe nǹkankan. Bóyá èyí tó wọ ojú ò pọ̀. Bóyá tí òun bá rọra gba ọmọ náà, tí òun ní ká gbé e lọ ọsibítù, kò ní sí ẹni tó máa béèrè mọ́. Ìka ìyá àgbà náà ti ń sún mọ́ ìpéǹpéjú ọmọ, òróró ń kán láti orí rẹ̀ sórí aṣọ, ó kán lẹ́ẹ̀kan, ó kán lẹ́ẹ̀kejì, Làtífátù sì dúró, ó ń wò ó.

Sàídátù la ojú kan tó kù. Ó rí i. "Màdámù," ó ní, "ẹ gbà mí."

"Kọ́sítíìkì ni!" Ohùn náà jáde lẹ́nu Làtífátù bí èébì. "Kọ́sítíìkì aláró ni, èmi ni mo dà á sí i, mo rò pé iyọ̀ ni! Ẹ má fi òróró sí i, ojú rẹ̀ á fọ́!"

Ọláníkẹ́ ju ìgò sílẹ̀. "Háà! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!"

Kò sí àyè fún èèbú. Làtífátù ti já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Àwọn bùtá tí wọ́n pọn fún àlùwàlá ìrun ọ̀sán wà ní títò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbé ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí omi má baà ṣàn bọ́ sí ojú tó dá, ó fi ìka méjì la ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń da omi. Ọmọ ń ké, ó ń gé e lọ́wọ́ jẹ, Làtífátù ò dáwọ́ dúró. Bùtá àkọ́kọ́ tán, ìkejì tán. Ìyá Àyìnkẹ́, tí orúnkún rẹ̀ ò gbà á láti yára dìde, ti wà níbi dúrọ́ọ̀mù báyìí, ó ń bu omi, ó ń gbé e fún un. Àwọn tó ń wá kírun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan lọ pe takisí. Nínú takisí, omi oníláílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fi eyín já, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí ojú náà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, awakọ̀ ń ráhùn pé ìjókòó òun ti rẹ. Kó rẹ ná.

Ní ọsibítù wọ́n gba ọmọ náà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Làtífátù àti Ìyá Àyìnkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, aṣọ àwọn méjèèjì ń ro omi. Fóònù dún. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Làtífátù wo orúkọ Màdámù Julienne lójú fóònù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ló gbé e.

"Ibo lo wà? Ìnsípẹ́tọ̀ ti wà nínú ọgbà!"

"Mo wà ní ọsibítù, Màdámù. Sódà líle wà nínú àwọ̀ yẹn. Èmi ni mo dà á sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bókẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán èèyàn lọ wo ọwọ́ àwọn ọmọ ìlà méjì iwájú nílé wọn."

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ohun tí mo sọ fún yín yìí."

Ó pa fóònù. Iṣẹ́ ti lọ, ó mọ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ìyẹn kọ́ ló ń bà á lẹ́rù mọ́.

Dókítà jáde, obìnrin kékeré kan tó wọ gíláàsì. Ó ní ojú náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ti jó, ṣùgbọ́n ó wà. Bó ṣe máa ríran tó, òun ò lè sọ, ó di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó tú u wò. Ó béèrè ẹni tó da omi sí i. Ìyá Àyìnkẹ́ nawọ́ sí Làtífátù.

"Ẹ ṣe dáadáa," dókítà ní. "Nǹkan yìí kì í dúró de èèyàn. Ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú, òun náà ló ń pinnu ohun tí ọmọ máa fi ojú rí."

Ó padà wọlé. Ìyá Àyìnkẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, níbi tí òróró ṣì ń dán.

"Ẹ ṣeun o, Màdámù. Ká ní ẹ ò sọ̀rọ̀ ni, ọwọ́ mi yìí ni ǹ bá fi fọ́ ọmọ mi lójú."

Ọpẹ́ náà ta Làtífátù ju èèbú lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú. Ó ń gbìyànjú láti mọ bó ṣe pẹ́ tó tí òun fi dúró níbẹ̀. Òróró kán lẹ́ẹ̀kan. Ó kán lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ó kán lẹ́ẹ̀kẹta?

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, "mi ò tètè sọ. Ẹ bi mí, mo dákẹ́. Iṣẹ́ mi ni mò ń rò."

Ìyá Àyìnkẹ́ ò gbójú kúrò lára ilẹ̀kùn tí wọ́n ti mọ́ Sàídátù.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹnu rẹ ni mò ń wò nígbà yẹn. Mo rí i tó o gbé ọ̀rọ̀ náà mì."

Làtífátù bú sẹ́kún. Ó dìde, kò mọ ibi tó ń lọ, ó kàn mọ̀ pé òun ò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ti obìnrin náà. Ìyá Àyìnkẹ́ na ọwọ́ olóróró náà, ó di etí aṣọ rẹ̀ tó tutù mú.

"Jókòó," ó ní. "Ọjọ́ Ajé jìnnà. Ẹ̀rù ń bà mí láti dá nìkan dúró dè é."